Ìbò Ẹ̀yà àti Ogún Tí Olóyè Awólọ́wọ̀ Fi Sílẹ̀: Kí Ni Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Yóò Rí Kọ́?

Bismillaahir-Rahmaanir-Raheem. Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá wa ní oríṣiríṣi ẹ̀yà àti èdè. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Nígbàkigbà tí ìbò bá ti súnmọ́ tòsí ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ìsọ̀ ọjà, ní gáréèjì, àti ní àgbàlá mọ́sálásí wa pàápàá: tiwa ni tiwa, àkísà ni ti ààtàn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ẹ̀yà wa, a kò gbọdọ̀ dìbò fún un, bí ó ti wù kí ó dára tó. Wọ́n á sì dárúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pé òun ni ó la ọ̀nà yìí sílẹ̀. Àwọn kan ń yìn ín nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bú u nítorí rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láìsí ìbínú, kí a sì mọ ohun tí ẹ̀sìn wa wí sí i.

KÍ NI 'ASABIYYA?

Èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yìí. Nínú hadiisi tí Abu Daud gbà wá, Sàhábà kan tí ń jẹ́ Waathila bèèrè ohun tí 'asabiyya jẹ́ lọ́wọ́ Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a). Èsì tí ó rí gbà ni pé òun ni kí ènìyàn ran àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ lórí àbòsí. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kò sọ pé kí a má fẹ́ràn ìlú wa tàbí èdè wa. Gbígbè sẹ́yìn wọn nígbà tí wọn kò jàre ni ó kọ̀.

Jaabir pẹ̀lú ròyìn pé nígbà ìrìn-àjò ogun kan, ọ̀kan nínú àwọn Muhaajiruuna, àwọn tí wọ́n ṣí wá láti Mọ́kà, lu ọ̀kan nínú àwọn Ansaaru, àwọn ará Mọ̀dínà tí wọ́n gbà wọ́n sílé. Kíá, èyí ké pe àwọn Ansaaru, tọ̀hún náà ké pe àwọn Muhaajiruuna. Ànọ́bì gbọ́, ó bèèrè ìdí tí igbe ìgbà àìmọ̀kan fi tún ń dún láàárín wọn, ó sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń rùn.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ méjèèjì yìí jẹ́ orúkọ iyì. Ọlọ́hun yin àwọn tí ń jẹ́ wọn nínú Súúratu Taobah, àyà 100. Orúkọ kò burú; ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ ṣe ni ó di ohun tí ń rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a wí nípa Yorùbá, Ìjẹ̀ṣà, Haúsá tàbí Ígbò. Súúratul Hujuraat, àyà 13, kọ́ wa pé Ọlọ́hun ṣe wá ní ìran àti ẹ̀yà kí a lè mọ ara wa, àti pé olùpayà Rẹ̀ jù lọ ni ẹni iyì jù lọ ní ọ̀dọ̀ Rẹ̀.

BÍ ÌBÒ ẸLẸ́YÀ ṢE FẸSẸ̀ MÚLẸ̀ NÍ ILẸ̀ WA

Ní London ni Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ní 1948 ni wọ́n ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún 1951 ni wọ́n gbé Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, jáde ní Ọ̀wọ̀. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀mọ̀wé Nnamdi Azikiwe, tí ó jẹ́ Ígbò, gba ìbò wọlé láti Èkó lábẹ́ NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé àwọn ni yóò ṣe ìjọba ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ilé jókòó ní oṣù kìíní ọdún 1952, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí NCNC kà mọ́ ara wọn jókòó sí ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Nínú àwọn tí ẹgbẹ́ Ibadan People's Party fi wọlé, Adégòkè Adélabú nìkan ni ó dúró ti NCNC. Awólọ́wọ̀ sì di olórí ìjọba.

Títí di òní, àríyànjiyàn wà lórí ọjọ́ yẹn. Àwọn NCNC ní wọ́n fi ẹ̀yà lé Azikiwe kúrò. Àwọn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn náà ti wà lẹ́yìn àwọn tẹ́lẹ̀, pé kò sí ẹni tí ó sá kúrò nínú ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí ó dájú ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Azikiwe padà sí Ìlà-Oòrùn. Níbẹ̀, Eyo Ita, ọmọ Ẹ́fíìkì tí ó jẹ́ olórí ìjọba, pàdánù ipò rẹ̀ ní 1953, Azikiwe sì di Olórí Ìjọba Ìlà-Oòrùn ní 1954. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà ṣe é fún ẹlẹ́yà kékeré ní Enugu. Sir Ahmadu Bello àti NPC sì di Àríwá mú. Báyìí ni olúkúlùkù ṣe padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ wo ìbò ààrẹ ọdún 1979. Awólọ́wọ̀ gba ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Òndó, ó sì gba ju ìdá 80 lọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí àwa ará Ọ̀ṣun wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Azikiwe náà gba ju ìdá 80 lọ ní Anambra àti Imo. Ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ kò rí ìdá 1 pàápàá ní Anambra àti Imo, kò sì rí ìdá 2 ní Kano. Shehu Shagari ni ó wọlé pẹ̀lú ìbò bíi 5,690,000. Awólọ́wọ̀ ní bíi 4,920,000. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dìbò fún un bí ọkùnrin kan, síbẹ̀ kò tó. Ẹni tí gbogbo ilé rẹ̀ bá fẹ́, tí ìta kò fẹ́, ilé ni yóò máa jókòó sí.

KÍ A ṢE DÉÉDÉÉ NÍNÚ ÌDÁJỌ́

Nínú Súúratul Maa'idah, àyà 8, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí ìkórìíra ìjọ kan mú wa ṣe àìdéédéé. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gbàgbé oore Awólọ́wọ̀. Ní oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ tí ó ju 800,000 lọ sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀wé. Ìjọba rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dá ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn onírìn-àjò Hájì sílẹ̀, ní 1958. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1959.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọdọ̀ pa ẹkún ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Àwọn Ígbò kò gbàgbé pé Awólọ́wọ̀ ni ó ń mójú tó ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun abẹ́lé, àti pé lẹ́yìn ogun ní 1970, pọ́n-ùn 20 péré ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí owó tí wọ́n ní ní báńkì, bí ó ti wù kí owó náà pọ̀ tó. Àwọn Yorùbá a máa dáhùn pé ìjọba Ọ̀gágun Gowon ni, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí Chinua Achebe tún gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ní 2012, àwọn tí a kò tí ì bí nígbà ogun ni wọ́n ń bú ara wọn lórí rẹ̀. Ogún tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò dáadáa, ìjà ni àwọn ọmọ máa ń fi í jà.

INÁ TÍ Ó PADÀ SÍLÉ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú ìtàn yìí ni pé ìyapa kì í dúró ní ààlà ẹ̀yà. Ní 1962, Awólọ́wọ̀ àti igbákejì rẹ̀, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Wọ́n ju àga lu ara wọn nínú Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn ní oṣù kárùn-ún ọdún náà. Ní 1963 Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá 1965, Dẹ́mọ àti Ọlọ́pẹ ń da epo sí ara wọn lára, wọ́n ń sun ilé ara wọn. Wẹ́tíẹ̀ ni a ń pè é. Ní pàtàkì, kì í ṣe ìjà Yorùbá pẹ̀lú ẹ̀yà mìíràn: Yorùbá ni ẹni tí ó mú ìṣáná, Yorùbá ni ẹni tí ilé rẹ̀ jó. Ní oṣù kìíní 1966 ni àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

Ní 1979 ọmọ Ìjẹ̀ṣà wa láti Ẹ̀sà-Òkè, Olóyè Bọ́lá Ìgè, di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1983, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ ni wọ́n kéde pé ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé sì tún jó, ẹ̀mí sì tún ṣòfò, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Òndó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yà kan náà tó láti fún wa ní àlàáfíà, kò yẹ kí 1965 àti 1983 wáyé.

ÌBÒ LÈ KỌJÁ Ẹ̀YÀ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni a ti dá wa, kí ó ka ìtàn sí i. Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, NCNC ni ó gba àga jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ imú Awólọ́wọ̀. Iléṣà wà lára àwọn ìlú tí ẹgbẹ́ náà ti lágbára, Odéléye Fádáhùnsi ti Iléṣà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú rẹ̀. Ní June 12, 1993, Olóyè M. K. O. Abíọ́lá, Mùsùlùmí ọmọ Abẹ́òkúta, borí Bashir Tofa ní Kano tí í ṣe ilé Tofa gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ológun fagi lé ìbò náà. Ní oṣù kejì 2023, Peter Obi borí ní Èkó, Atiku Abubakar sì borí ní Ọ̀ṣun wa níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni Bọ́lá Tinúbú tí ó wọlé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún yẹn, nígbà ìbò gómìnà Èkó, wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n rò pé Ígbò ni wọ́n ní àwọn ibùdó ìdìbò kan. Ó ṣe é ṣe láti kọjá ẹ̀yà. Ó sì ṣe é ṣe láti padà sẹ́yìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ ÌPERINDÓ

Wúrà ilẹ̀ wa ti mú àlejò wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní Jímọ̀, Haúsá, Ẹ̀gbìrà àti Ìjẹ̀ṣà ń to ẹsẹ̀ pọ̀ nínú sáàfù kan náà lẹ́yìn Ìmáámù kan. Ó ha yẹ kí ẹni tí a jọ fi orí kanlẹ̀ ní ọ̀sán di ọ̀tá wa ní ọjọ́ ìbò?

Kí a sì rántí Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa ni wọ́n ru aṣọ lọ tà ní àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí dé Òkè Ọya, tí wọ́n ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó. Àlejò ni wọ́n ní gbogbo ibi tí wọ́n dé. Bí àwọn onílé wọn bá ti ṣe tiwa ni tiwa sí wọn, ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Iléṣà kò bá máà sí.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwa Mùsùlùmí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí a bá ti pa ìbò ẹ̀yà tì, tí a wá ń dìbò fún ẹni tí ó bá sáà ti ń jẹ́ Muhammad tàbí Ganiyu, a ti yanjú ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ alábòsí, 'asabiyya náà ni. Aṣọ ni a kàn pààrọ̀ fún un. Nínú Súúratu Nisaa'i, àyà 135, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí a jẹ́rìí òdodo bí ó tilẹ̀ takò àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ìbátan wa. Ẹ̀rí ni ìbò. Ẹni tí ó tẹ̀ka fún ènìyàn ti jẹ́rìí pé ẹni náà yẹ.

OHUN TÍ A Ó MÁA WÒ

1. Ìmọ̀ àti ìṣọ́ra. Nígbà tí Ànọ́bì Yuusuf gba iṣẹ́ àká ilẹ̀ Íjíbítì, kò dárúkọ ìdílé rẹ̀. Ó ní òun lè ṣọ́ ọ, òun sì mọ iṣẹ́ náà (Súúrà 12, àyà 55).
2. Agbára àti ìfọkàntán. Ìwọ̀nyí ni ọmọbìnrin Madyan fi júwe Ànọ́bì Muusa, àlejò tí kò mọ ìdílé rẹ̀ rí (Súúrà 28, àyà 26).
3. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá: kí ni ó fi ipò tí ó ti dì mú ṣe fún ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀?
4. Ahọ́n rẹ̀: ṣé ó ń kó wa jọ láti ṣe iṣẹ́ ni, tàbí láti kórìíra àwọn kan?

Bí ọmọ ẹ̀yà wa bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ dìbò fún un, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá yege jù ú lọ, ohun ìfọkàntán ni ipò. Súúratu Nisaa'i, àyà 58, sì ní kí a gbé e fún ẹni tí ó ni ín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìfẹ́ ìlú ẹni àti 'asabiyya?
2. Kí ni a rí kọ́ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Azikiwe ní Ìbàdàn àti sí Eyo Ita ní Enugu?
3. Báwo ni ìjà 1965 ṣe fi hàn pé ìyapa kì í dúró ní ààlà ẹ̀yà?
4. Bí bàbá tàbí ọkọ ẹni bá pàṣẹ ẹni tí a ó dìbò fún nítorí ẹ̀yà, báwo ni a ó ṣe dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀?

Kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ wa múlẹ̀ lórí òdodo, kí Ó má jẹ́ kí a fi ìkórìíra ṣe ogún fún àwọn ọmọ wa. Aamin.