KẸ̀KẸ́ TÍ KÌ Í KÚRÒ LÓJÚ KAN

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní kíláàsì àwọn àgbà ní Adó-Èkìtì, ìyá kan tí ń ta gààrí ní Ọjà Ọba na fóònù wọn sí wa. Ọmọ wọn tí ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó fi àwòrán ránṣẹ́. A rí ọmọ náà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere nínú yàrá. Ó ń fi ẹsẹ̀ yí i kíkankíkan, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà kò kúrò lójú kan. Ìyá wa wò ó títí, wọ́n wá ní, "Tíṣà, ibo ló tiẹ̀ ń lọ?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ yìí dáhùn rẹ̀.

Bí a bá ní kẹ̀kẹ́ ní Adó lónìí, ọkàn ẹlòmíràn yóò lọ sí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kì í ṣe ìyẹn ni a ń wí. Básíkùlù tí àwọn bàbá wa ń gùn ni. Ẹni tí ó bá ní Raleigh láyé ìjọ́sí, ẹni pàtàkì ni. Ó lè gùn ún láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa tì í lọ. Kò sí ẹni tí ń wá eré ìdárayá kiri nígbà náà. Oko wà, odò wà, òkè wà, odó iyán sì wà. Ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, orí àga ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi owó ra òógùn.

Ní ọdún 2012, ní ìlú New York, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Foley àti àwọn mẹ́rin mìíràn dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìtàwé Barnes & Noble ni Foley ti ṣiṣẹ́ rí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn kíláàsì tí àwọn ènìyàn ti ń gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá pọ̀, tí olùkọ́ ń darí wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀, ọmọ wà nílé, àyè kì í sì í sábà sí. Ó wá rò ó pé, kí kíláàsì kúkú wá bá òun nílé. Wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ náà ní Peloton. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Ó túmọ̀ sí ọ̀wọ́ àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ díje nígbà tí wọ́n bá ṣù mọ́ra lójú ọ̀nà.

Owó kò tó. Ní ọdún 2013, wọ́n bẹ aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà dá owó sí i. Ènìyàn 297 dá owó tó lé ní 300,000 dọ́là. Ní ọdún 2014 ni kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sanwó.

Gíláàsì kan wà níwájú kẹ̀kẹ́ náà bí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ wà ní New York, ó ń gun tirẹ̀, orin ń lọ. Ẹ̀yin wà nínú yàrá yín, ẹ ń ṣe bí ó ti ń ṣe. Kẹ̀kẹ́ ń ka agbára ẹsẹ̀ yín, ó sì ń to orúkọ gbogbo àwọn tó ń gùn ún pọ̀ sójú gíláàsì, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Olùkọ́ tilẹ̀ lè dárúkọ yín. Lójú tiwa, kì í ṣe irin ni wọ́n ń tà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tà. Àwa tí ń ṣètò kíláàsì mọ èyí dáadáa. Ẹni tó gbé ìwé lọ kọ́ nílé ní òun nìkan, kì í pẹ́ sú u. Ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò béèrè òun, á wá, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀.

Ẹ wá mú pẹ́ńsùlù. Ní ọdún 2019, iye owó kẹ̀kẹ́ kan jẹ́ 2,245 dọ́là. Lẹ́yìn ìyẹn, 39 dọ́là lóṣooṣù fún ẹ̀kọ́. 39 ní ọ̀nà 12 jẹ́ 468. Nítorí náà, ní ọdún kìíní, 2,713 dọ́là ni ẹni tó rà á yóò san. Bí kò bá san owó oṣù mọ́, irin ṣì ń yí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ti lọ, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ sì ti lọ. Irú àdéhùn báyìí wà ní Èkìtì náà, lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí iná oòrùn. Owó àkọ́san ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ. Ẹ máa wá lẹ́tà kékeré, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Peloton gbé ìpín rẹ̀, èyí tí a ń pè ní ṣíà, wá sí ọjà kí ẹnikẹ́ni lè rà á. 29 dọ́là ni ọ̀kan. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà dé. Ẹ kò tíì gbàgbé kónílé-ó-gbélé. Wọ́n ti àwọn ilé eré ìdárayá pa ní Amẹ́ríkà, gbogbo ẹni tó lówó sì ń wá kẹ̀kẹ́ àgùnnílé. Wọ́n ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí tiwọn tó dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, àwọn tí ń san owó oṣooṣù lórí ẹ̀rọ wọn lé díẹ̀ ní 500,000. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 2. Ìpín tí wọ́n tà ní 29 dọ́là ti gòkè kọjá 160 ní oṣù kìíní ọdún 2021.

Ẹ jẹ́ kí a yà sílé díẹ̀. Télọ̀ kan wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó ní kí a sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló ní. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn lo ìbòmú, àwọn oníbàárà ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó yá owó, ó ra ẹ̀rọ mẹ́ta sí i, ó gba ọmọṣẹ́ méjì. Kí ọdún 2021 tó parí, ìbòmú kò tà mọ́. Gbèsè kò mọ̀ pé ìbòmú kò tà. Bí oṣù bá ti pé, ó ń béèrè owó rẹ̀.

A kò bú u. Àwọn tó kàwé jù wá lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ní New York. Peloton fi mílíọ̀nù 420 dọ́là ra ilé-iṣẹ́ Precor tí ń ṣe ẹ̀rọ ìdárayá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ó ní òun yóò fi mílíọ̀nù 400 kọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sí ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń kárí, àwọn ènìyàn ti ń jáde. Ẹni tó ti ra kẹ̀kẹ́ kan kì í sì í sábà ra èkejì. Ẹrù wá kún sítọ̀ọ̀.

Ní oṣù kan náà, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá ẹ̀rọ ìsáré Tread+ padà, nǹkan bíi 125,000. Ẹ̀rọ náà ti fa ọmọdé kan sábẹ́, ọmọ náà sì kú. Ìjọba ti kìlọ̀ ní oṣù kẹrin. Ilé-iṣẹ́ náà jiyàn kí ó tó gbà. Nínú gbogbo ìtàn yìí, èyí ló dùn wá jù, nítorí owó tó lọ lè padà.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, Foley kúrò ní ipò ọ̀gá àgbà. Ọjọ́ náà ni wọ́n kéde pé 2,800 òṣìṣẹ́ yóò lọ sílé. Wọn kò kọ́ ilé-iṣẹ́ ti Ohio mọ́. Peloton kò kú ṣá. Àwọn tí ń san owó oṣooṣù ló gbé e ró. Owó wọn ti wá ju owó ẹ̀rọ títà lọ.

Télọ̀ wa náà ṣì ń ránṣọ. Ó ta méjì nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi san gbèsè. Láti ìgbà tó ti mọ̀wé kọ, ó ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ oníbàárà sí. Bí ẹnì kan bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fa ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó fi hàn wá ní oṣù tó kọjá. Orúkọ 61 ló wà níbẹ̀. 19 ló ní ìlà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, owó oṣooṣù Peloton ní Amẹ́ríkà kúrò ní 39 dọ́là, ó di 44. Èló ni ó fi lé sí i ní ọdún kan? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ìyá tó béèrè ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ ka tiwọn.