Fún Ọmọ Tí Wọ́n Dá Padà Láti Zaria

Ní Alimosho wa yìí, bí ọmọ kan bá rí ọ̀nà wọ Dẹ́pò ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tuntun, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ìyá rẹ̀ yóò jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Egbeda yóò sì máa pè é ní "Sójà" kí ó tó fojú kan bàtà sójà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọ́n bá dá padà lẹ́yìn oṣù 2 fi ń wọlé lóru, tí yóò ti ìwé tí wọ́n fún un bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò sì máa sọ fún aráyé pé ìsinmi ni òun wá lò.

Akọ̀wé ni mí nínú iṣẹ́ ológun títí mo fi fẹ̀yìn tì sí Igando níbí. Ìwé ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ, ọ̀rọ̀ ìwé náà ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Kì í ṣe pé o kúrò ní Zaria ni yóò máa tẹ̀ lé ọ kiri. Gbólóhùn kékeré tí wọ́n kọ síbi "ìdí" ni.

1. Fa ìwé yẹn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí o kà á. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Àwọn ọmọ máa ń wá bá mi pé "Bàbá, wọ́n lé mi", ṣùgbọ́n tí mo bá ka ìwé, kò sẹ́ni tó lé wọn. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ara wọn kò gbé e. Pé ara kò gbé iṣẹ́ yàtọ̀ sí pé ẹ̀kọ́ kò yé ọ. Pé o kúrò ní bárékè láìgbàṣẹ yàtọ̀ sí pé o purọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ba orúkọ jẹ́; àwọn méjì tó kẹ́yìn lè dí ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba mọ́ ọ. Mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Bí wọn kò bá fún ọ ní ìwé kankan, bèèrè rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní FOI, fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ọ lóhùn. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ààbò ìlú bojú, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ nípa ara tìrẹ lò ń bèèrè, kì í ṣe ibi tí wọ́n kó ìbọn sí. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 30 lo ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́.

2. Mọ ohun tí o fẹ́ gbà. Ọmọ kan fẹ́ padà sí Dẹ́pò. Òmíràn fẹ́ kí wọ́n yí ìdí tí wọ́n kọ padà. Ẹ̀bẹ̀ méjì ni, tábìlì méjì ni wọ́n sì ń lọ. Bí o bá lọ́ méjèèjì pọ̀ nínú ìpínrọ̀ kan, ọ́fíìsì yìí yóò tì í sí tọ̀hún, tọ̀hún yóò dá a padà, fáìlì rẹ yóò sì sùn sáàárín. Èrò tèmi ni pé kí o lé ìdí náà ṣíwájú. Oṣù 6 péré ni wọ́n fi ń kọ́ rikúrúùtì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò ti yan níwájú ọ̀gágun kí lẹ́tà rẹ tó dé orí tábìlì. Ọjọ́ orí náà kò dúró: wọ́n fi òté lé e, ti oníṣẹ́ ọwọ́ sì máa ń ga díẹ̀ ju ti ẹni tí kò níṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìdí bá ti mọ́, o lè tún fọ́ọ̀mù gbà bí ọjọ́ orí bá ṣì gbà ọ́, tàbí kí o gba ibòmíràn lọ.

3. Ka oṣù. Òfin Armed Forces Act fún sójà tó bá gbà pé wọ́n ṣe òun láìdáa ní ẹ̀tọ́ láti kó ẹ̀dùn rẹ̀ tọ ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún un lọ, kí ó sì máa gùn ún lókè bí kò bá rí ìtẹ́lọ́rùn. Ọ̀nà yẹn ni kí o kọ́kọ́ tọ̀, nítorí ohun tí adájọ́ yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni bóyá o gba ẹnu ọ̀nà kí o tó gba fèrèsé. Ní ti ilé ẹjọ́, òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù 3 péré ló fún ẹni tó fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn lọ́yà ń jiyàn lórí bóyá ó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tàbí kò kàn án. Jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn wọn lọ, ṣáà má jẹ́ kí ẹjọ́ tìrẹ jẹ́ èyí tí wọn yóò fi dán an wò.

4. Bí ó bá jẹ́ ìlera ni wọ́n kọ, ibẹ̀ ni kí o tẹjú mọ́ jù lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: ìgbà wo ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀? Kí wọ́n tó gbà ọ́, dókítà ológun yẹ̀ ọ́ wò, ó yẹ ojú rẹ wò, ó ní kí o ká apá kí o nà án, ó sì kọ ọ́ pé o pé. Bí o bá wá já bọ́ nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí orúnkún rẹ yẹ̀, tí ìwé sì sọ pé àìsàn náà ti wà lára rẹ kí o tó dé, iléeṣẹ́ kan náà ló kọ ohun méjì tó takora. Má bú dókítà. To ìwé méjèèjì síra wọn nínú lẹ́tà rẹ, kọ déètì wọn, kí o sì bèèrè èwo nínú méjèèjì ló tọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, lọ sí ọsibítù ìjọba ní Igando, Alimosho General Hospital. Tètè jí lọ, torí èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Sọ fún dókítà kí ó kọ ohun tó rí, ìgbà tó rò pé ó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá o lè ṣe iṣẹ́ agbára nísinsìnyí. "Ara rẹ̀ ti yá" lásán kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Rántí déètì tí wọ́n gbé ọ lọ sí MRS, ìyẹn ilé ìwòsàn inú bárékè, nítorí orúkọ rẹ wà nínú ìwé tí wọ́n ń kọ aláìsàn sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó gbé ọ lọ lè kọ ìwé ẹ̀rí fún ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí òun náà kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Má fi ẹjọ́ rẹ kó bá ọmọ ẹlòmíràn.

Ìyá rẹ lè ní ayé ló ṣe ọ́. N kò bá ìyá ẹnikẹ́ni jiyàn, ṣùgbọ́n kò sí àyè tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù.

5. Bí wọ́n bá ní o purọ́, bi ara rẹ léèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá o purọ́. Bí ó bá jẹ́ pé NIN ní ọdún ìbí kan, ìwé WAEC ní òmíràn, tó sì jẹ́ àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ṣeé tún ṣe: gba ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́dọ̀ National Population Commission, ṣe àfídáfítì ní kóòtù, tún NIN ṣe, kí o tó kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé o ra èsì ìdánwò ni, jókòó sílé rẹ. Lẹ́tà tí o bá kọ yóò kàn jẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ọlọ́pàá ni yóò sì kàn.

6. Ìdí mìíràn wà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o kò fi ní mọ ibi tí o ti fẹ́ dì í mú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ fẹ̀yìn ọ̀gá ológun 38 tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí wọ́n kọ ni pé wọ́n dẹ́ṣẹ̀ ńlá. Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Púpọ̀ nínú wọn ní ẹnikẹ́ni kò fún àwọn ní ìwé ìbéèrè rí, áḿbèlètasé pé wọ́n gbé àwọn lọ síwájú ìgbìmọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀gágun Danladi Hassan wà lára àwọn tó lọ sí National Industrial Court, ilé ẹjọ́ náà dá a láre, ó ní kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọ̀gá tó ní lọ́yà àti orúkọ, ọdún gorí ọdún lórí ẹjọ́ wọn síbẹ̀, nítorí náà n kò ní tàn ọ́ pé ilé ẹjọ́ yá.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà: lọ́dún 2018, wọ́n kọ̀wé lé Lucas Calixto, ọmọ Brazil, kúrò nínú iṣẹ́ sójà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé "ààbò" ni ìdí rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ lóṣù kẹfà pé wọn kò sọ ohun tí òun ṣe, wọn kò sì gbọ́ tẹnu òun. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ológun fúnra wọn dá a padà. Bí ọ̀rọ̀ tìrẹ bá rí báyìí, má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò mọ̀. Bèèrè ohun tí wọ́n ní o ṣe, ọjọ́ tí o ṣe é, àti ọjọ́ tí wọ́n pè ọ́ láti wí tẹnu rẹ. Bí wọn kò bá rí ìyẹn dáhùn, ibẹ̀ ni ẹjọ́ rẹ wà.

7. Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Ikotun yóò fẹ́ bá ọ fi òyìnbó ńláńlá kún un. Sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ ohun tí o kọ. Kọ nọ́ńbà rẹ ní Dẹ́pò sókè, kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí wọ́n fi dá ọ padà. Mo ti rí lẹ́tà tó dùn bí orin tó kú sínú káńbọ́ọ̀dù nítorí pé kò ní nọ́ńbà, akọ̀wé kò mọ fáìlì tí yóò fi sí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, nítorí náà má dárúkọ sájẹ́ǹtì tó lù ọ́ bí kò bá kan ìdí tí wọ́n kọ. Kọ ọ́ sí ọ̀gá Dẹ́pò, fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ àwọn sójà ní Lokoja. Bí o bá fọwọ́ ara rẹ gbé e lọ, jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára fótókọ́pì tìrẹ. Bí o bá fi ránṣẹ́, tọ́jú rìsíìtì.

8. Sí ẹ̀yin ọmọ Ipaja àti Idimu tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ológun ibẹ̀ fẹ́ èdè wa nígbà kan: Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ètò MAVNI fi ń gba àlejò wọṣẹ́. Ìwé tí ẹ óò tọ́jú bí ojú ni DD-214, èyí tí wọ́n fi ń tú sójà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àpótí 28 ni wọ́n ń kọ ìdí sí. Láti yí i padà, fọ́ọ̀mù DD 293 wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 tó kúrò; DD 149 sì wà fún àṣìṣe inú àkọsílẹ̀, ọdún 3 láti ọjọ́ tí ẹ rí àṣìṣe náà, wọ́n sì lè mójú kúrò bí ó bá ti kọjá. Ẹ̀dà DD-214 méjì ni wọ́n ń fún yín. Ẹ̀dà 1 kò ní àpótí ìdí nínú, ẹ̀dà 4 ló ní in. Onílé tàbí ọ̀gá iṣẹ́ tó kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹ wọṣẹ́ rí, ẹ̀dà 1 tó o. Ní ti ẹni tó wà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 3 ni wọ́n fi ń gba ẹ̀sùn níbẹ̀.

9. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gágun kan ní Abuja tí yóò gba owó kí ó tó dá ọ padà, gbéra kúrò níwájú rẹ̀. Bí o bá sì ṣì ń wọ aṣọ sójà kiri, bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wọ̀ ọ́ nígbà tí o kì í ṣe sójà, wọ́n sì ti fi ìyẹn kó àwọn tó lẹ́jọ́ tó dáa ju tìrẹ lọ.

10. Lọ́jọ́ tí o bá ń gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ mìíràn, ọlọ́pàá ni o, Civil Defence ni o, wọn yóò bi ọ́ bóyá iṣẹ́ ológun kan ti dá ọ dúró rí. Kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Bí o bá kọ "rárá" tí wọ́n sì rí i, irọ́ ti di ìdí tuntun, ìdí yìí sì jẹ́ òótọ́. Kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà nínú ìwé, kọ sábẹ́ rẹ̀ pé o ti kọ lẹ́tà ẹ̀dùn lórí rẹ̀, kí o so ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Fótókọ́pì ni kí o so mọ́ ọn o. Ojúlówó kì í kúrò nílé.