Àpótí Ìmọ̀: Bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ṣe ń pa ara rẹ̀

Ohun abẹ̀mí tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju sẹ́ẹ̀lì kan lọ náà lè ní ètò ikú tirẹ̀ nínú. Ọ̀nà mẹ́ta rèé:

Oró àti aporó. Àwọn bakitéríà *Escherichia coli* kan ní òrùka DNA kékeré tí à ń pè ní plásímíìdì F. Jíìnì ccdA àti ccdB wà lórí rẹ̀. Oró ni CcdB: ó máa ń há mọ́ gyrase, ẹ́ńsáìmù tó ń tú DNA tó lọ́ pọ̀, títí DNA yóò fi já. CcdA ni aporó rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ tí kò bá jogún plásímíìdì náà kò lè ṣe aporó tuntun. Oró tó bá a wáyé yóò pa á.

Ikú nítorí ará. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ àwọn bakitéríà kan, wọ́n á kú kí ó tó pọ̀ sí i. Fáírọ́ọ̀sì náà kò ní rí ọ̀nà jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí, tó sábà jẹ́ ìbátan, á sì yè.

Ìwúkàrà. *Saccharomyces cerevisiae* tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò ní purotéènì Yca1, tí àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀ ní 2002. Ìbátan caspase, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ikú sẹ́ẹ̀lì ẹranko, ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn amínò ásíìdì tí à ń pè ní aspartate ni caspase ti ń gé purotéènì. Ẹ̀yìn arginine tàbí lysine ni ti Yca1. Tí a bá yọ jíìnì rẹ̀ kúrò, ìwúkàrà tí a fi hydrogen peroxide pọ́n lójú kì í tètè kú.