Yíyan Atọpasẹ̀ fún Ọmọ Kékeré: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Òbí ní Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́

Bí ọmọ kékeré bá sọnù lọ́jà, ẹni méjì là ń wá: ẹni tó rí i, àti ẹni tí yóò sáré wá sọ fún wa. Bí ẹlẹ́kọ kan bá rí ọmọ náà lẹ́yìn ọjà, tí kò rí ẹni rán sí wa, rírí tó rí i kò tíì ṣe wá láǹfààní. Iṣẹ́ méjèèjì yìí náà ni ẹ̀rọ tí à ń so mọ́ ọmọ lára ń ṣe, èyí tí a ó máa pè ní atọpasẹ̀. Ó ń mọ ibi tí ọmọ wà, ó sì ń jíṣẹ́ fún òbí. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ méjèèjì dàpọ̀ lọ́kàn yín. Ṣé a jọ ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú mímọ ibi tí ọmọ wà. Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfuurufú tó ń yí ayé po. Àwọn ti GPS, tí ìjọba Amẹ́ríkà ni, ga tó nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde ibi tó wà àti àkókò tó fi ń kéde. Atọpasẹ̀ ń gbọ́ ìkéde yìí, ó ń wo bó ṣe pẹ́ tó lọ́nà, ó sì ń fi ìyẹn ṣírò bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà sí i tó. Bó bá gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n agbára ìkéde náà ti dín kù púpọ̀ kó tó délẹ̀, òrùlé páànù àti ògiri sìmẹ́ǹtì sì lè dí i. Bí ọmọ bá wà ní kíláàsì, ẹ̀rọ lè fi í hàn lójú títì. Nítorí náà, ẹ pe olùkọ́ kí ẹ tó gun alùpùpù zémidjan lọ wá a. Ẹnìkan lè béèrè pé, “Ṣé sátẹ́láìtì wá mọ̀ pé ọmọ mi wà ní Pobẹ̀ ni?” Rárá o. Ìkéde nìkan ló ń ṣe, kò gbọ́ ohunkóhun padà lẹ́nu atọpasẹ̀ ọmọ. Bí èyí kò bá tíì yé yín, ẹ tún ìpínrọ̀ yìí kà. A ó dúró dè yín.

Ta ni yóò wá jíṣẹ́? Ibí yìí ni owó òbí ti ń ṣòfò jù. Ẹ wo AirTag, atọpasẹ̀ kékeré tí Apple gbé jáde ní 2021. Kò ní SIM, kò ní GPS. Ó ń fi Bluetooth ké sí fóònù Apple tó bá ń kọjá nítòsí, fóònù àjèjì yẹn ló sì ń bá a jíṣẹ́. Ní Paris, irú fóònù bẹ́ẹ̀ kún ìgboro. Lọ́nà oko, láàárín igi ọ̀pẹ Pobẹ̀, mélòó ni yóò kọjá láàárọ̀? Irú èyí tí wọ́n ṣe fún Android náà ń gbára lé fóònù ẹlòmíràn tó ń kọjá. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé ẹrù lòun ṣe AirTag fún, kì í ṣe ènìyàn. Bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tún léwu: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Ǹjẹ́ ẹ ti rí ìdí tí mi ò fi ní so ó mọ́ ọmọ yín lọ́wọ́?

Aago tó ní GPS àti SIM ni mo fara mọ́ fún wa. SIM ló ń jíṣẹ́, bíi ti fóònù yín. Nítorí náà, ẹ má tíì ra aago. Ẹ kọ́kọ́ mú fóònù dání, kí ẹ rin ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé, kí ẹ wo èyí tó lágbára níbẹ̀ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì MTN, Moov àti Celtiis. Bí ilé yín bá sún mọ́ ààlà Nàìjíríà, ẹ ṣọ́ra, torí ẹ̀rọ lè fò sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún, kí owó tán tàbí kí iṣẹ́ má dé. Bátìrì ńkọ́? Bí aago bá ń jíṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, iná rẹ̀ yóò tètè tán. Ẹ dín iye ìgbà tó ń jíṣẹ́ kù ní wákàtí ilé-ìwé. Ṣé ọ̀rọ̀ SIM yé wa?

Ó wá ku èyí tó le jù: ta ló tún ń gbọ́ iṣẹ́ náà? Ní 2017, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Norway fi hàn pé àjèjì lè wọ inú àwọn aago ọmọdé kan, kó sì máa tọ ipasẹ̀ ọmọ. Lọ́dún yẹn kan náà, Jámánì fòfin de aago ọmọdé tí òbí fi lè máa tẹ́tí sí ohun tó ń lọ láyìíká ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn. Olùkọ́ àti àwọn ọmọ ẹlòmíràn náà wà nínú kíláàsì ọmọ yín. Bí aago bá ní irú etí bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ní Benin, APDP ni àjọ tó ń ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ àṣírí báyìí, ẹ lè mú ẹjọ́ lọ bá wọn. Ẹ ò tíì sọnù lọ́nà, àbí?

Ẹ wá ṣí aago náà, kí ẹ wo nọ́ńbà tí bọ́tìnì pàjáwìrì ń pè. Láti 30 Novembre 2024, iye òǹkà inú nọ́ńbà fóònù Benin ti kúrò ní 8, ó di 10, a sì ń fi 01 ṣáájú. Bí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà yín sínú aago ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó lè máà pè mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí, kí ọmọ wà níta, kí ẹ̀yin wà nínú ilé: ṣé fóònù yín dún?