Bí Iṣẹ́ Méjì Bá Pè Ọ́ Nígbà Kan Náà

A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wíwá lè ní kí ló kan òun nínú òwe yìí, nígbà tí òun ò tíì rí ẹyọ kan jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn: ó lè dákẹ́ lọ bí ọdún kan, kó wá já lu èèyàn ní méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àwọn kan á ní "mo gbà" fún àwọn méjèèjì, wọ́n á ní tó bá yá àwọn á mọ èyí tí àwọn máa já jù sílẹ̀. Àwọn mìíràn á dákẹ́, wọn ò ní gbé ìpè mọ́, wọ́n á máa retí kí ọ̀rọ̀ náà yanjú ara rẹ̀.

Jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn àgùnbánirọ̀, tó ka ìwé ìṣirò owó. Ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn fún un ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kó fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Báńkì kan l'Ékòó náà ti pè é fún íńtáfíù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn máa pè é. Owó báńkì ju ti Ìbàdàn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n báńkì ò tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Kó fèsì lọ́jọ́ Ajé yẹn náà ni. Ìdúpẹ́ ni kó fi ránṣẹ́, ìpinnu ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó fún ọ níṣẹ́ kò lè mọ̀ pé ńṣe lo ń ronú. Bí o bá dákẹ́, ohun tó máa rò ni pé o ò ka òun sí. Kó kọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàsán mà. Mo ti rí lẹ́tà yín gbà, mo sì dúpẹ́ gan-an. Iṣẹ́ yìí wù mí. Mo fẹ́ fara balẹ̀ ka àdéhùn inú rẹ̀, kí n sì bá àwọn òbí mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè fún mi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ máa gbọ́ èsì mi." Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ó dá ọjọ́, ó dá aago, èyí sì máa ń fi ọkàn ẹni tó ń dúró balẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ gígùn lọ. Kò dárúkọ báńkì nítorí pé wọn ò bi í. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó níbòmíì lọ́wọ́, kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó má pe ìyá rẹ̀ tára rẹ̀ le ní aláìsàn nítorí ọjọ́ díẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ sì máa ń mọ ara wọn ju bí àwa tó ń wáṣẹ́ ṣe rò lọ.

Bí ilé ìwòsàn bá gbà, báńkì ló kàn. Kó pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ibòmíì ti fún mi níṣẹ́, wọ́n sì ń retí èsì mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló wù mí jù. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi dé?" Bí kò bá jẹ́ òótọ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló wù ú jù, kó yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Kó má sì bu iyọ̀ sí iye tí ilé ìwòsàn fẹ́ máa san, nítorí wọ́n lè ní kó mú lẹ́tà náà wá. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Mo mọ àwọn tó rò pé irú ìpè yìí máa bí báńkì nínú. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ ò ní torí ìbéèrè tó lọ́wọ̀ lé ọ.

Ọjọ́ tí o tọrọ yìí, má fi sùn. Wo orí lẹ́tà náà lákọ̀ọ́kọ́: ṣé orúkọ ilé-iṣẹ́ gan-an ló wà níbẹ̀ ni, àbí ti agbanisíṣẹ́ agbódegbà tó máa kó ọ lọ síbẹ̀ ní òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì? Wo iye tó máa wọ ọwọ́ rẹ. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa yọ ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ pamọ́ fún ọ, kí àwọn náà sì fi ìdá 10 kún un. Bí lẹ́tà kan bá mẹ́nu kan èyí tí ìkejì ò mẹ́nu kàn án, béèrè. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: owó Èkó tó ju ti Ìbàdàn lọ, ṣé á ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ilé ọdún kan, owó éjẹ́ǹtì àti owó ọkọ̀ láti Ìkòròdù dé Erékùṣù Èkó? Fún ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí n'Ìbàdàn, owó kékeré lè ju ńlá lọ.

Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá wá pé tí báńkì ò kọ̀wé ńkọ́? Àwọn èèyàn wa á ní omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ìgbàgbọ́ dára, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ kí èèyàn fi òwe yẹn dúró de ìlérí nígbà tí lẹ́tà wà lọ́wọ́. Kó gba ti ilé ìwòsàn, kó sì sọ fún báńkì pé òun ti gba ibòmíì. Bí lẹ́tà báńkì bá wá dé lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ ló le jù. Èrò tèmi ni pé nítorí àlékún díẹ̀, kó dúró ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó máa yí ìgbé ayé ilé wọn padà ni, kó pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó tọrọ àforíjì, kí wọ́n lè rí ẹni tó ṣìkejì rẹ̀ pè. Èyí tí mi ò lè gbà fún ẹnikẹ́ni ni kí wọ́n máa retí rẹ lọ́jọ́ ìwọṣẹ́, kí o má yọjú.

Nílẹ̀ wa, iṣẹ́ kì í sábà dá wá. Ẹnì kan ló bá wa sọ̀rọ̀ níbì kan: ẹ̀gbọ́n bàbá wa, alàgbà ìjọ, olùkọ́ wa àtijọ́. Bó bá jẹ́ irú èyí lo fẹ́ kọ̀, ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kó tó kan ilé-iṣẹ́. Lọ bá a nílé, má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi débẹ̀. Báńkì tí mo sọ fún yín níjọ́sí ti fún mi ní lẹ́tà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí n tó dá wọn lóhùn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n gbé e gbà?" O ò tọrọ àṣẹ níbẹ̀ o; ọ̀nà lo ń là fún un, kójú má baà tì í lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ pè wọ́n fúnra òun. Bí o bá sá fún un, ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ náà máa bi í léèrè pé, "Ọmọ tí o mú wá dà?" Ọmọ míì tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ ló máa jìyà ẹ̀.

Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní láti ka ọjọ́ ìkìlọ̀ tó máa fún ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́ ìṣirò rẹ̀ kó tó dá ọjọ́ ìwọṣẹ́ fún àwọn tuntun. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì lo ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí o bu ọwọ́ lù lè béèrè ju èyí lọ, òun sì ni kí o kọ́kọ́ wò.

Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ kò ní láti gùn. Dúpẹ́, sọ pé o ti gba ibòmíì, má bú owó wọn. Bí ẹnì kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń wá irú iṣẹ́ yẹn, kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́, kí o wá fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà náà.