Kí O Tó Tẹ̀ka Sí I

Ọdún 21 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù májísíréètì. Ọ̀rọ̀ tó fún mi ní wàhálà jù lọ nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá rárá. "Gbé" ni.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ọmọṣẹ́ wẹ́dà kan wá síwájú wa. Jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n bá nílé ọmọ náà. Ní tẹ́ṣàn, wọ́n bi í pé ta ló gbé e, ó ní, "Èmi ni mo gbé e." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí wọ́n wá kọ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé òun ni òun jí i. Ọmọ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ̀ka sí i. Oṣù márùn-ún ló fi wà látìmọ́lé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ bá yín sọ ọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dé. Ẹ ń ṣọ́ ọjà olówó, ẹ ń bá wọn ka owó, ẹ ń ra fóònù àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀sùn olè kì í yọ olóòótọ́ sílẹ̀.

Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí púpọ̀ nínú ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń lò (Èkó ti ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀), abala 383 kò sọ pé kí èèyàn kàn gbé nǹkan ni olè. Wọ́n á wo ohun tó wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o gbé e: ṣé o fẹ́ gbà á mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá, tàbí o ní èrò jìbìtì mìíràn? Abala 23 náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbà tọkàntọkàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan, tí kò sì ní jìbìtì lọ́kàn, òfin kò ka á sí ọ̀daràn. Tọkàntọkàn ni mo wí o. Kì í ṣe pé ọ̀gá jẹ ọ́ lówó oṣù, kí o wá gba ojú fèrèsé lóru lọ gbé fìríìjì rẹ̀. Adájọ́ á bi ara rẹ̀ bóyá ojúmọmọ lo gbé e, bóyá o sọ fún ẹnikẹ́ni, bóyá o tọ́jú rẹ̀ síbi tójú kò tó. Ẹ̀wọ̀n olè lásán lè tó ọdún 3, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀gá tó gbà ọ́ síṣẹ́ lo jí tiẹ̀, ó lè tó 7.

Àṣà rere tiwa náà máa ń kóni sí wàhálà. Bí àgbà bá bínú, a ó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má bínú sà, ẹ forí jì mí, iṣẹ́ èṣù ni." Nílé, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí ìjẹ́wọ́; ìbínú là ń fi í pa. Ní tẹ́ṣàn, ó lè ti wọ ìwé kí o tó dìde nílẹ̀. Mo ti rí ìyá tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ta ọmọ rẹ̀ ní kóòtù pé, "Sọ pé o jẹ̀bi, kí wọ́n lè tètè fi ọ́ sílẹ̀." Ọmọ sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀.

Ẹyin lohùn. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ọ láyè láti dákẹ́ títí o ó fi bá lọ́yà, tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ọ́, sọ̀rọ̀. Sọ orúkọ rẹ àti ibi tí ò ń gbé tìtẹríbatìtẹríba. Má fa ọlọ́pàá láṣọ, má sì purọ́. Lẹ́yìn ìyẹn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ rí lọ́yà kí n tó kọ sítéétímẹ́ǹtì." Ohun kan ṣoṣo ni n kò ní kí o gbé mì. Bó bá jẹ́ pé ibòmíràn lo wà lọ́jọ́ náà, tètè sọ ibẹ̀ àti ẹni tí ẹ jọ wà, kí wọ́n lè lọ wádìí. Bí o bá pa á mọ́ di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́n á ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún ni. Bí o bá sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí ọ létí. Bí wọ́n bá lù ọ́ kí o tó jẹ́wọ́, fi ojú egbò náà han lọ́yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: abala 29 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọn kò fi ìyà gbà á lẹ́nu rẹ.

Ti fóònù àlòkù ńkọ́? Àwọn bàbá wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Abala 167 òfin ẹ̀rí kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ láìpẹ́ tí wọ́n jí i, kóòtù lè gbà pé ìwọ lo jí i tàbí pé o mọ̀ọ́mọ̀ gbà á, àfi bí o bá lè ṣàlàyé bó ṣe dé ọwọ́ rẹ. Nítorí náà, gba rìsíìtì, kí o sì sanwó nípa tíránsífà kí orúkọ ẹni tó gbowó lè hàn. Èmi tí mo ń bú ọmọ mi nítorí báńkì orí fóònù ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni ìwé òfin fún àwọn ọlọ́pàá láti gbé ọ débẹ̀. Béèlì kì í gba owó. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ṣàn. Ẹ máa kà á fún ẹni tó bá gbàgbé. Bí owó lọ́yà kò bá sí, ẹ wá Legal Aid Council lọ. Láti 1976 ni wọ́n ti wà, ẹjọ́ olè sì wà lára èyí tí wọ́n ń gbà fún tálákà. Èkó tún ní Office of the Public Defender.

Kí lọ́yà ka ìwé ẹ̀sùn fún ọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ju èyí tí o gbọ́ lọ. Ní oṣù Kejìlá 2024, Gómìnà Ademola Adeleke dárí ji ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ọ̀ṣun tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún ní 2014. Gbogbo ayé ń pariwo pé nítorí adìyẹ tí wọ́n ní ó jí ni wọ́n ṣe dájọ́ ikú fún un. Adìyẹ kọ́ ló ń gbéni dé ìdí okùn: ìdigunjalè wà nínú ẹ̀sùn náà.

Bó bá sì jẹ́ pé o jí i lóòótọ́, má fi pamọ́ fún lọ́yà rẹ. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Ó lè bá ọ wá bí ẹrù á ṣe padà sọ́wọ́ olówó, kó sì bá ọ bẹ̀bẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ ti wúlò.

Ọmọṣẹ́ wẹ́dà yẹn rí lọ́yà gbà níkẹyìn, ọmọbìnrin kékeré kan láti Legal Aid. Ọ̀gá bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, Yorùbá ló ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀.

"Ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù?"

"Èmi ni."

"Owó oṣù mélòó lẹ jẹ ẹ́?"

"Mẹ́ta."

"Kí lẹ ní kó gbé bí ẹ kò bá rí owó náà san di Sátidé?"

Ọ̀gá wolẹ̀. Májísíréètì kọjú sí mi, ó ní kí n túmọ̀ ìdáhùn ẹlẹ́rìí. Mo ní, "Olúwa mi, kò tíì sọ nǹkankan."