Kọ̀ǹpútà Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tí ó bá mọ ìlú Orè, ojú ọ̀nà mọ́tò tí ó ti Èkó lọ sí Bìní ni ó mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Odigbó kò jìnnà sí omi bí àlejò ti ń rò. Odò Olúwa gba Agbábù kọjá, ó sì ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù, sí ilẹ̀ àwọn Ìlàjẹ. Ọmọ Orè tí ó bá wọ mọ́tò dé Ìgbókòdá yóò rí ọkọ̀ ojú omi tí ẹ́ńjìnnì ń tì. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kàn wá.

Láyé àtijọ́, ọ̀pá gígùn ni atukọ̀ fi ń wọn ìjìnlẹ̀ omi. Lónìí, a lè fi sẹ́ńsọ̀ sí ìdí ọkọ̀ kí ó máa wọ̀n ọ́n. Òmíràn a sì máa gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí à ń pè ní NMEA 0183, kí ẹ̀rọ kan lè gbọ́ èdè èkejì. Kọ̀ǹpútà kékeré, irú Raspberry Pi, lè gba ọ̀rọ̀ wọn gbogbo kí ó sì fi han atukọ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí a bá fi bátìrì sítáàtì ẹ́ńjìnnì ńlá, agbára iná a já wálẹ̀ lójijì. (Ẹ́ńjìnnì tí a ń fi okùn fà kò ní ìyọnu yìí.) Bí kọ̀ǹpútà bá ń lo bátìrì kan náà, ó lè kú, kí ó sì tún jí. Ó jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò tí ń gba ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ kò bá a jí. Ó dà bí alágbàṣe tí ó jókòó sí ẹnu oko kòkó láti òwúrọ̀, tí ń dúró de ẹni tí yóò rán an níṣẹ́. Èyí tí ó burú jù ni kí ojú ẹ̀rọ mìíràn nínú ọkọ̀ ṣì máa tàn, kí nọ́ńbà àtijọ́ sì dúró lórí rẹ̀. Atukọ̀ rí mítà 4, ó gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni yanrìn ti súnmọ́ ìdí ọkọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, systemd ni ó ń jí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. A ó kọ fáìlì kékeré kan fún un, tí yóò sọ ètò tí a fẹ́; bí a bá kọ Restart=always sí i, yóò máa gbé ètò náà dìde bí ó bá ṣubú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa da àṣẹ méjì pọ̀. systemctl start ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ó parí. systemctl enable ni ó ń kọ orúkọ iṣẹ́ náà sínú ìwé àwọn tí a ó máa jí nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá dìde.

Orúkọ sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú gba ìṣọ́ra. Èyí tí ń jẹ́ ttyUSB0 lánàá lè di ttyUSB1 lónìí, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ń gba orúkọ àkọ́kọ́. Inú /dev/serial/by-id ni orúkọ tí kì í yí padà báyìí wà.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni mo kà sí pàtàkì jù. Ìlà ọ̀rọ̀ tí ń sọ ìjìnlẹ̀ omi kò ní àkókò nínú rárá. Ètò tí ó dára, bíi Signal K, a máa fi àkókò sí i lára. Ṣùgbọ́n Raspberry Pi 4 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ní aago tí bátìrì ń gbé ró. Bí ó bá jí lórí odò níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, àkókò tí ó ti kọjá ni yóò máa kà, àfi bí a bá ti kọ́ ọ kí ó gba àkókò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ẹ pa iná kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì tún un tàn. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí nọ́ńbà ìjìnlẹ̀ omi bá padà dé, ẹ ti ọ̀pá bọ inú omi, kí ẹ wò ó bí wọ́n bá bára mu.